Obì Kan Nínú Ewé Gbòdógì

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí nígbà tí mo ra fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣòwò. Mo tètè sọ iye ọdún náà nítorí pé òun ni gbogbo ènìyàn ní kí n fi pamọ́ nígbà náà, tí n kò sì fi pamọ́.

Ilé obì kan ní Sábó, ní Ṣàgámù, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti lo ọdún méjìlélógún níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló mú mi débẹ̀, lẹ́yìn tí mo ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá tán tí iṣẹ́ ìjọba tí mo ń retí kò dé. Nígbà tí ìyá náà kò lè jókòó pẹ́ mọ́, mo di ẹni tó ń darí àwọn obìnrin mẹ́tàlá tó ń bó obì, tí wọ́n ń ṣà á, tí wọ́n sì ń dì í. Obì gbànja láti Akaka àti àwọn abúlé tó yí i ká ló ń wá sọ́dọ̀ wa. A ó rẹ ẹ́ sómi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ, a ó wá kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kó làágùn fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn èyí la ó yọ oníkòkòrò kúrò, a ó pín funfun àti pupa sọ́tọ̀, ńlá àti kékeré sọ́tọ̀. Ewé gbòdógì la fi ń tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ tó ń lọ sí Kánò. Ewé náà ń jẹ́ kí obì mí. Kì í jẹ́ kó gbẹ, kì í sì í jẹ́ kó jẹrà.

Àṣà kan wà láàárín àwa tí a ń di obì. Ẹni tó bá di apẹ̀rẹ̀ ni yóò fi ewé gbòdógì kan, tó ta ní kókó tirẹ̀, sórí obì kó tó rán ẹnu apẹ̀rẹ̀ pa. Kókó tèmi olórí méjì ni. Ti obìnrin tó máa ń jókòó tì mí jẹ́ olórí kan, ó sì máa ń fi etí ewé sílẹ̀ níta. Bí wọ́n bá tú apẹ̀rẹ̀ ní Kánò tí gbogbo rẹ̀ dára, a kò ní gbọ́ nǹkan kan. Kò sí ẹni tó ń ránṣẹ́ láti òkè Ọya pé obì dára. Ṣùgbọ́n bí ó bá bàjẹ́, wọn yóò mú obì kan nínú èyí tó bàjẹ́, wọn yóò wé e sínú ewé ẹni tó dì í, wọn yóò sì fi rán dírẹ́bà. Wọn kò ní kọ ìwé sí i. Ẹni tí ewé rẹ̀ bá padà kò gbọ́dọ̀ rán ènìyàn lọ bẹ̀bẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ bá oníbàárà tó ń kó obì náà ránṣẹ́ ní Sábó, yóò jókòó níwájú rẹ̀, yóò sì tú apẹ̀rẹ̀ mìíràn lójú rẹ̀, obì kọ̀ọ̀kan. Àṣà yìí ṣì wà ní ilé obì náà títí dòní, mo sì mọ ẹni tó ní kó máa wà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ewé tèmi padà. Ọdún kẹta tí mo débẹ̀ ni. Ibà ń ṣe ọmọ mi kejì, mo ń kánjú lọ sílé. Obì náà ì bá lo ọjọ́ kan sí i kí omi ara rẹ̀ tó gbẹ tán, n kò sì dúró. Nígbà tí dírẹ́bà na ewé náà sí mi, mo mọ̀ ọ́n kí n tó gbà á.

Nígbà tí mo ń sọ yìí, wọ́n ti la ọ̀nà márosẹ̀ tó gba Ògèrè kọjá, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń yára dé òkè Ọya ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ni ilé obì wa fẹ́ kí iṣẹ́ gbòòrò. Wọ́n mú máníjà kan wá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí ìmọ̀ ìṣòwò. Ọmọ dáadáa ni, ó máa ń kí wa, ó máa ń bi wá léèrè àwọn ọmọ wa. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan obì tútù rí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tó dé, ó ní ká jáwọ́ nínú ewé gbòdógì, òun ti ra àpò ọ̀rá.

Mo ní, "Máníjà, obì kì í mí nínú ọ̀rá. Yóò hu funfun kó tó dé Kánò."

"Ìyá, ayé àtijọ́ ni ewé. Ewé ń gbẹ, ó ń ya. Ọ̀rá kì í ya."

"Òótọ́ ni, kì í ya. Obì la ń sọ."

"Níbo lẹ ti kọ́ ọ pé kò ní dára?"

"Níbi tí mo jókòó sí yìí."

Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dán an wò."

A dán an wò. Nígbà tí ọkọ̀ padà dé, kò sí ewé tí wọ́n lè fi wé obì. Nítorí náà, dírẹ́bà gbé odidi àpò kan sílẹ̀ níwájú ilé obì, ó sì tú ẹnu rẹ̀. Òórùn rẹ̀ dé ojú títì.

Ẹgbẹ́ pe ìpàdé. Máníjà ní àwa obìnrin ni a kò jẹ́ kí obì gbẹ tó. Mo dìde, mo sọ ọjọ́ tí a bó o, ọjọ́ tí a fọ̀ ọ́, àti ọjọ́ tí a kó o sínú ọ̀rá. Alága ẹgbẹ́, àgbàlagbà kan tó wá láti Ìkẹ́nnẹ́, gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ìyá, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n òun ló ka ìwé iṣẹ́ náà. Bí ẹ̀yin náà bá mú irú ìwé tirẹ̀ wá, kò sí ẹni tó kọ orúkọ sára àga máníjà."

Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni mí, ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ nínú mi kó tó jáde. Kí n tó délé lọ́jọ́ náà, mo ti pinnu pé màá mú ìwé náà wá, màá gba àga náà, màá sì dá ewé gbòdógì padà sínú apẹ̀rẹ̀. Obìnrin mẹ́tàlá ti jẹ̀bi obì tí wọn kò bà jẹ́. Kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ fi ìwé-ẹ̀rí ṣe.

Ọkọ mi ń tún aago ṣe nídìí ọjà. Òun ló rí ìkéde ilé-ẹ̀kọ́ náà nínú abala ìwé ìròyìn kan tí oníbàárà fi wé aago wá. Ìkéde náà sọ pé ẹni tó bá ní ìwé mẹ́wàá, tó sì ti ṣiṣẹ́ ìṣòwò fún ọdún márùn-ún, lè wá láìṣe ìdánwò àṣewọlé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń ṣe. Ọkọ mi gbé awò tó fi ń wo inú aago sójú, ó tún un kà.

"Ọdún márùn-ún ni wọ́n ní kéèyàn mú wá," ó ní. "Ìwọ ní méjìlélógún. Kí wọ́n yáa wá ṣéńjì sílẹ̀."

Mo wọ ọkọ̀ lọ ra fọ́ọ̀mù. N kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà lójú fèrèsé na fọ́ọ̀mù sí mi, ó ní, "Kí ọmọ yín rántí fi báírò dúdú kọ ọ́, Mà."

"Kò sí ọmọ níbẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ kọ ọ́."

Ó wò mí, ó wo ẹni tó jókòó tì í. "Màmá, ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

Mo sọ fún un.

"Wọn kì í gba ẹni tó bá ti ju márùndínlógójì lọ o."

"Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

"Wọn kò kọ ọ́ síbì kankan, Mà. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹ lọ búra ọjọ́-orí ní kóòtù, kí ẹ ní kí wọ́n bá yín dín in kù. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é."

Mo nílò ìwé ìbúra náà lọ́nàkọnà, nítorí pé kò sí ẹni tó ń kọ ìbí ọmọ sílẹ̀ ní abúlé wa nígbà tí wọ́n bí mi. Ṣùgbọ́n mo mọ ọjọ́ náà. Káfíńtà ni bàbá mi. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti bímọ, yóò fi ṣísẹ́lì gbẹ́ ọjọ́, oṣù àti ọdún sára férémù ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ní Akaka. Ọmọ mẹ́fà ni wá, ìlà mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Tèmi ni ìkẹta láti òkè. Mo lọ sí Akaka kí n lè tún fi ojú rí i kí n tó búra. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ni ìlà kejì, ṣì ń gbé ilé náà. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lórí ìjókòó nígbà tí mo ń fi ìka tọ ìlà tèmi. Mo sọ ohun tí wọ́n ní kí n lọ ṣe ní kóòtù fún un.

"Mélòó ni wọ́n ní kí o yọ?"

"Bíi méjìlá, kí n lè sọ̀ kalẹ̀ sí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

Ó fi ọ̀bẹ ka àwọn ìlà náà láti ibi tó jókòó sí. "A jẹ́ pé ìwọ ni àbíkẹ́yìn nìyẹn. Kí bàbá dìde wá tún férémù gbẹ́." Ó tún dáwọ́ dúró. "Kí lo tiẹ̀ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Àwọn ọmọ tí wàá bá níbẹ̀, o lè bí wọn."

"Mo ti bí tèmi. N kò lọ bímọ níbẹ̀."

"Wọn yóò máa pè ọ́ ní Ìyá Àgbà."

"Wọn kò ní parọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá di ẹ̀gẹ́ díẹ̀ fún mi. Ó ní kí n lọ fi ṣe gàrí, ebi máa ń pa akẹ́kọ̀ọ́.

Ní kóòtù, akọ̀wé tó ń kọ ìwé ìbúra fa fọ́ọ̀mù kan yọ, ó ṣí báírò. "Ìyá, ọdún wo ni ká bí yín?"

"Ọdún tí wọ́n bí mi."

"Mo mọ̀. Èwo lẹ fẹ́?"

Mo sọ ọjọ́, oṣù àti ọdún tó wà lára férémù. Ó gbé báírò sílẹ̀. "Ẹ fẹ́ fi èyí wọ ilé-ìwé? Ẹ jẹ́ ká yọ méjìlá, ojú yín gbà á. Olùkọ́ kan wà lórí àga yẹn lánàá, mo yọ mẹ́wàá fún un, ó dúpẹ́ lọ."

"Bí o bá yọ méjìlá, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí mo bí àkọ́bí mi."

"Wọn kò ní béèrè ọmọ lọ́wọ́ yín."

"Èmi ni màá máa bi ara mi."

Ó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, ó ń mi orí. Ó fi òǹtẹ̀ lù ú bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta.

Fọ́ọ̀mù náà ní kí ènìyàn méjì tó mọ̀ mí kọ̀wé nípa mi. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé tí mo lọ, tó ti fẹ̀yìn tì, kọ ọ̀kan. Èkejì gbọ́dọ̀ wá láti ibi iṣẹ́. N kò fẹ́ kí máníjà kọ ọ́, nítorí náà mo lọ bá Alhájì tí a ń di obì fún ní Sábó. Ọmọ Kánò ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Ṣàgámù ju ọ̀pọ̀ onílé lọ. Ìyàwó ni ó ń pè mí, nítorí pé ìyá ọkọ mi ló mú mi wá sọ́dọ̀ rẹ̀ níjọ́ kìn-ín-ní, kò sì yí i padà.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Alhájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ̀wé nípa iṣẹ́ mi."

Ó wo ojú mi dáadáa. "Ìyàwó, kí ló bàjẹ́?"

"Kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Ilé-ìwé ni mo fẹ́ wọ̀."

Mo ní láti ṣàlàyé lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìdí obì, ọ̀rọ̀ kì í jáde nípa ènìyàn àfi bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ìwé tó ń yin ènìyàn, kò rí irú rẹ̀ rí. Ó bi mí pé, "Ẹni tó bá ń yin ọjà rẹ̀ kí a tó tú u, kí ni o máa ń rò sí i?"

"Mo máa ń rò pé nǹkan wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Èyí tí mo mọ̀ ni màá sọ."

Ó sọ ọ́, akọ̀wé rẹ̀ sì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Gbólóhùn mẹ́ta ni: Obìnrin yìí ti ń di obì fún mi fún ọdún méjìlélógún. Ní ọdún kẹta, apẹ̀rẹ̀ kan padà. Ó wá fúnra rẹ̀.

Ọkọ mi kà á, ó yí i padà bóyá nǹkan wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ṣé kò lè kọ ọ́ pé olóòótọ́ ni ọ́?"

"Ó ti kọ ọ́."

"Níbo?"

Mo fi ìka sórí gbólóhùn kẹta.

"Èmi mọ̀ ọ́n," ó ní. "Àwọn tí yóò kà á kò gbé Sábó. Jẹ́ ká lọ bá pásítọ̀ kó kọ òmíràn."

"Pásítọ̀ kò tú apẹ̀rẹ̀ mi rí."

Mo fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà. Ènìyàn mẹ́ta ló jókòó: alága wọn tó ti hu ewú, ọkùnrin kan tó so táì, àti obìnrin kan tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ láìgbé ojú sókè. Gẹ̀ẹ́sì la sọ, mo ń kọ ọ́ níhìn-ín bí mo ṣe rántí rẹ̀.

Alága gbé ìwé Alhájì sókè. "Ìyáàfin, ọ̀rẹ́ yín ni ẹni tó kọ èyí, àbí ọ̀tá yín?"

"Oníbàárà mi ni, sà."

"Àwọn yòókù tó wá síbí lónìí, wọ́n yìn wọ́n láti òkè dé ilẹ̀. Eléyìí ní ọjà yín bàjẹ́."

"Apẹ̀rẹ̀ kan ni, sà. Ẹ wo iye ọdún tó wà níwájú rẹ̀."

"Ẹ kà á kí ẹ tó fi í ránṣẹ́?"

"Mo kà á."

Ọkùnrin tó so táì náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Màmá, kí ẹ tó parí ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́ta ọdún. Bí a bá fún ọ̀dọ́ ní àyè yín, yóò fi ìwé-ẹ̀rí náà ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún."

"A ti ní ọ̀dọ́ kan tó ní in ní ilé obì wa," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fi ṣe."

Mo sọ ti àpò ọ̀rá. N kò fi nǹkan kún un, n kò sì yọ nǹkan kúrò. Nígbà tí mo dé orí ewé gbòdógì, obìnrin tó ń kọ̀wé gbé ojú sókè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí. "Ọjọ́ mélòó ló fi ń làágùn?"

"Márùn-ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, méje nígbà òjò."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Alága ní àwọn yóò kọ̀wé sí mi.

Wọ́n kọ̀wé lóòótọ́. Wọ́n ní àwọn kò lè gbà mí sí ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì náà. Ṣùgbọ́n nítorí ọjọ́-orí mi, wọ́n fi inú rere fún mi ní àyè nínú ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ìyá ọlọ́jà. Kò sí ìdánwò níbẹ̀, kò sì sí ìwé-ẹ̀rí. Inú rere náà ló dùn mí jù. Bí wọ́n bá sọ pé òpè ni mí, mo lè bá wọn jiyàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsí ìwé-ẹ̀rí, mo fẹ́ mú un lọ síwájú ìpàdé ẹgbẹ́ kí n sọ kí ni?

Ní ọjọ́ kejì, mo jókòó sí àyè mi ní ilé obì. Mo ṣa obì oníkòkòrò kan, èyí tí ihò rẹ̀ hàn kedere. Mo wé e sínú ewé gbòdógì tútù, mo ta á ní kókó olórí méjì tèmi, nítorí pé wọn kò ní kókó tiwọn. Mo fi í sínú àpò ìwé pẹ̀lú lẹ́tà tí wọ́n kọ sí mi, mo lẹ̀ ẹ́ pa. N kò kọ ọ̀rọ̀ kankan.

Obìnrin tó máa ń jókòó tì mí ń wò mí. "Ìyá, wọn yóò ní ẹ di oògùn ránṣẹ́ sí àwọn o."

"Ọjà wọn ni mo dá padà."

"Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ní àwọn ń kọ́ni ní ìṣòwò."

Mo gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó di méjì. Àpò ọ̀rá ṣì ń wọ ilé obì. Máníjà ní kí a máa lu ihò sí i lára. Nílé, ọkọ mi kò dá mi lẹ́bi, ṣùgbọ́n kò lè pa á mọ́ra. Ó ní, "Ìwọ tí o kì í sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí o wá máa sọ ọ́, kòkòrò lo fi sọ ọ́."

Ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí a ń bó obì lọ́wọ́, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé obì. Kí ó tó yọ awò ojú rẹ̀, n kò dá a mọ̀. Obìnrin tó ń kọ̀wé lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni. Ó kí wa kú iṣẹ́, ó fa àpótí kan, ó jókòó níwájú mi. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ewé gbòdógì mi jáde. Ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n kókó náà ṣì wà níbẹ̀.

"Bàbá mi ní oko obì lẹ́yìn Ìkẹ́nnẹ́," ó ní. "Ìyá mi ló ń dì í. Mo mọ̀ pé ẹni tí ewé bá padà sí gbọ́dọ̀ wá fúnra rẹ̀. Mo wá."

Obìnrin tó jókòó tì mí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, kí ni wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n ṣí i?"

Ẹ̀rín yọ lójú àlejò náà. "Akọ̀wé alága kígbe, ó sá jáde. Alága ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ méjì ló fi wà lórí tábìlì, tí alága ń lo ọ́fíìsì ẹlòmíràn. Èmi ni mo lọ gbé e. Nígbà tí mo fọwọ́ mú un, gbogbo wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò ó bóyá màá ṣubú."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

"Mo ṣàlàyé fún wọn pé ọjà wọn ló padà," ó ní. "Ó yá, Mà. Ẹ sọ ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ fún mi."

Mo nu ọwọ́ mi. Mo ní, "Mo béèrè ọdún méjì, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìkéde yín kò sọ ọjọ́-orí, ìdáhùn yín ló sọ ọ́. Ká ní mo gba irọ́ ní kóòtù ni, ẹ ì bá ti gbà mí. Mo sọ òótọ́, ẹ ní kí n lọ jókòó sí ibi tí wọn kì í ti í dán ènìyàn wò."

Ó gbọ́ ọ tán, kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní èèyàn méjì nínú mẹ́ta ti fara mọ́ mi báyìí, ṣùgbọ́n alága ní òun kò lè fi ìwé Alhájì gba ẹnikẹ́ni. Bí mo bá fẹ́, kí n wá jókòó láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé kí n ṣe ìdánwò àṣewọlé.

"Ìkéde yín ní irú wa kò ní ṣe é."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó sì rò pé n kò ní lè ṣe é."

"Ó rò bẹ́ẹ̀."

"Ẹ sọ fún un pé kò yẹ kí n ṣe é, pé mo mọ̀ pé kò yẹ, àti pé màá wá."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Ìṣirò kò dẹ́rù bà mí, Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti fi sílẹ̀ pẹ́. Mo ra ìwé ìdánwò àtijọ́, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ igbá obì. Obìnrin tó jókòó tì mí, tó ka ìwé mẹ́fà, ni ó ń ka ìbéèrè jáde. Èyí tí kò bá lè pè, yóò na ìwé sí mi. Ọkọ mi gbé aago kan wá tó ń dún bí wákàtí bá pé, ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ pé àkókò kò tó mi.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo jókòó láàárín ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ àti ọmọkùnrin kan tó ń fi ẹsẹ̀ gbọn tábìlì. Omi obì ti pa ọwọ́ mi láró bíi ti gbogbo wa tí a ń bó o, kì í sì í fọ̀. Ọmọbìnrin náà ń wo ọwọ́ náà. Mo tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì kó lè rí i tán, kó sì yíjú sí ìwé rẹ̀. Mo kọ ìdáhùn dé ìbéèrè tó kẹ́yìn. Ká ní aago ọkọ mi wà níbẹ̀, kò tíì ní dún.

Wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó wọlé mọ́ pátákó níwájú ọ́fíìsì wọn. Mo lọ wò ó fúnra mi. Orúkọ mi ni ìkẹtàdínlógún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ti fi báírò pupa kọ "ọdún 46". Mo ka gbogbo orúkọ yòókù láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọn kò kọ ọjọ́-orí ẹlòmíràn kankan sí i.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ta fọ́ọ̀mù fún mi rí mi láti ojú fèrèsé, ó sáré jáde. "Ẹ má bínú, Mà. N kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n pa á rẹ́."

"Ṣé irọ́ ni?"

"Rárá, Mà."

"Fi í sílẹ̀ nígbà náà."

Ṣùgbọ́n mo tún un wò. Ó ti di ọjọ́ mọ́kànlá tí mo ti pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Mo ní kó yá mi ní báírò ọwọ́ rẹ̀. Mo fa ìlà sórí mẹ́fà náà, mo kọ méje sí i, mo sì dá báírò rẹ̀ padà fún un.